Ère Ajá Apanilẹ́rìn-ín: Ọ̀nà Tí A Fi Lè Gba Ajá Ìgboro Là

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá ìwòyí ni ó mọ ehoro ìwòyí lé. Ọ̀rọ̀ ajá gan-an ni a fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá tí ń lé ehoro. Ajá tí a ní lọ́kàn ni èyí tí ń sùn sábẹ́ tábìlì àwọn tí ń ta súyà ní Gwagwalada, ní Kubwa, ní Nyanya àti ní Lugbe, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá sún mọ́ wa, a ó sọ ọ́ lókùúta. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, gbogbo àdúgbò yóò gbé igi. Bí ayálégbé bá sì ń kó kúrò, yóò kó bẹ́ẹ̀dì, yóò kó fìríìjì, yóò wá fi ajá sílẹ̀.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oúnjẹ rẹ̀ pàápàá kò tó lè ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí? Ìdáhùn tiwa lè dà bí àwàdà létí yín: kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ère ajá tí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí ó tà á, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá tí ó ní ẹ̀mí. A ó pín ẹ̀kọ́ wa sí ọ̀nà márùn-ún: ipò ajá láàárín Yorùbá, ẹ̀rín nínú iṣẹ́ ọnà, amọ̀ ní agbègbè Abùjá, bí a ṣe ń ṣe ère náà, àti ibi tí owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ.

1. Ajá láàárín Yorùbá

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti máa bi wá léèrè pé, "Ṣé Yorùbá tí ń fi ajá bọ Ògún ni yóò máa sọ̀rọ̀ ìgbàlà ajá?" Ìbéèrè náà kò burú. Òótọ́ ni pé ajá ni ẹran Ògún. Ẹni tí ó bá ti ṣe ọdún Ògún ní Oǹdó tàbí ní Ìrè-Èkìtì kò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn kan nínú wa a sì máa jẹ ẹran ajá, títí tí a fi sọ ọ́ di ohun tí a fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ó jẹ́ ọmọ Oǹdó ṣàwàdà. A kò ní fi èyí pamọ́, a kò sì ní bá ẹlẹ́sìn kankan jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá kà sí ni ó fi ń bọ òrìṣà rẹ̀. Ajá tí a sọ lókùúta títí ó fi kú sí ẹ̀gbẹ́ títì kò bọ òrìṣà kankan. Ẹ̀mí tí a fi ṣòfò lásán ni.

Ẹ wo bí ọdẹ ṣe ń ṣe sí ajá tirẹ̀. Ó so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tí ó wà nínú igbó. Ó fún un lórúkọ. Ó ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ibẹ̀ ni òwe wa ti wá pé ajá tí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Bí a bá yí òwe náà padà, a ó rí ìṣòro ajá ìgboro Abùjá kedere: kò lẹ́ni lẹ́yìn.

Àlọ́ wa náà kò gbẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àwa tí a dàgbà sí Kano, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, inú ìwé ni a ti kọ́kọ́ pàdé àlọ́ ajá àti ìyá rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ìyá àgbà. Ìyàn mú, àwọn ẹranko sì fẹnu kò pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n pa á jẹ. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run, tí ìyá náà ń sọ okùn sílẹ̀ fún un kí ó lè gòkè lọ jẹun, títí Ìjàpá fi wá ba nǹkan jẹ́. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí gbogbo ẹranko gbà pé pípa ni ojútùú, ajá ni ó wá ọ̀nà mìíràn. Bí àlọ́ bá ní ẹ̀kọ́, èyí tó fún wa lónìí.

2. Ẹ̀rín nínú iṣẹ́ ọnà

Ẹ̀rín kì í ṣe àlejò nínú ère Yorùbá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ẹ̀rí wa. Láàárín àwọn ará Kétu, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti àwọn ará Yewa tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, àwọn agbẹ́gilére a máa gbẹ́ oríṣiríṣi nǹkan sí orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́: obìnrin tí ó ru ọjà, ọkùnrin tí ó gun alùpùpù, ejò àti ẹyẹ tí wọ́n ń bá ara wọn fà á. Bí wọ́n bá gbé e jáde, ọjà a gba ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n agbéraga, olè àti aláṣejù tí ó wà nínú èrò náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Nítorí ọgbọ́n yìí àti ẹwà rẹ̀ ni UNESCO ṣe kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, tí wọ́n sì fi í sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008.

Láti inú èyí ni a ti fa òfin kìíní fún ère ajá wa yọ: ènìyàn ni kí a fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ajá. Bí a bá ṣe ajá tí egungun ìhà rẹ̀ hàn síta, tí a wá ń fi í ṣẹ̀sín, a kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń sọ òkò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí:

(a) Ajá tí ó wọ agbádá, tí ó dé fìlà gọ̀bì, tí ó fi awò dúdú sójú, tí ó gbé imú sókè bí alága òde tí kò tíì ná kọ́bọ̀.

(b) Ajá tí ó di apá rẹ̀ mú, tí òwú wà níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, tí ó ya ẹnu bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀.

(d) Ajá tí ó jókòó sórí àpótí, tí ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, tí ó ń wo ọ̀nà. Ó ń dúró de ayálégbé tí ó ti kó lọ láti oṣù tí ó kọjá.

Ti àkọ́kọ́ yóò pa yín lẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yóò pa yín lẹ́rìn-ín, yóò sì rán yín létí abẹ́rẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ó máa ń mú ènìyàn tọwọ́ bàpò.

Ẹ má gbàgbé orúkọ. Àwọn bàbá wa a máa fi orúkọ ajá pòwe fún aládùúgbò. Ẹni tí ó bá ń pe ajá rẹ̀ ní "Ṣebótimọ" lójoojúmọ́ ní ojúde, kì í ṣe ajá nìkan ni ó ń pè. Ẹ fún ère yín ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀: "Tanímọ̀la" fún ajá orí àpótí, "Owódà" fún alága òde. Orúkọ rere nìkan tó láti mú kí ẹni tí ń kọjá lọ dúró, kí ó béèrè.

3. Amọ̀ ní agbègbè Abùjá

Àwa tí a ń kàwé ní Abùjá kò ní láti lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kí a tó rí ẹni tí a ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Òótọ́ ni pé wọ́n ti hú orí àgbò àti orí erin tí a fi amọ̀ ṣe ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n Nok, ní ìhà gúúsù Kàdúná, kò jìnnà sí wa. Láti 1928 ni àwọn tí ń wa kùsà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ère amọ̀ níbẹ̀, ti ènìyàn àti ti ẹranko, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní 2,000 ọdún.

Èyí tí ó tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Suleja. Ìlú yẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abùjá kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ní 1954, obìnrin Gbagyi kan láti abúlé Kwali dé ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ladi Kwali. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kò fi ẹ̀rọ tí ń yí mọ ìkòkò ńlá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yí i ká, tí ó ń fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni yóò fi igi fín alángbá, ejò, ẹja àti àkekèé sí ara rẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ti ìdálọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984. Láti 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Bí ẹ bá rí ogún náírà tí ó ṣì ní ìlera, ẹ yí i padà kí ẹ wò ó.

Ìdí tí a fi mẹ́nu bà á ni pé kò dúró de ohun èlò olówó ńlá. Amọ̀ tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ẹranko tí ó ń rí lójoojúmọ́ ni ó fi ṣiṣẹ́. Bákan náà ni Dọ̀tun Pópóọlá ní Ilé-Ifẹ̀ ń fi irin àlòkù ṣe ẹranko ńláńlá lóde òní. Ní Kenya, àwọn òṣìṣẹ́ Ocean Sole ń ṣa sílípáàsì tí òkun gbé wá sétí omi, wọ́n ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n ń gbẹ́ wọn di erin, ìjàpá òkun àti àgùnfọn aláwọ̀ mèremère, wọ́n sì ń yọ lára owó rẹ̀ fún ìtọ́jú ẹranko àti òkun. Ní ìlú Rotterdam, ní 2007, wọ́n to ère erin tí oríṣiríṣi ènìyàn kùn sí ìgboro, wọ́n sì pe ètò náà ní Elephant Parade. Ọmọ erin kan ní Thailand, Mosha, tí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ gé lẹ́sẹ̀, ni ó fa èrò náà. Ní 2010, ètò náà dé London pẹ̀lú erin tí ó lé ní igba. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ère kò lè tọ́jú ẹran.

4. Bí a ṣe ń ṣe é

Bí ẹ bá rí amọ̀ àti ẹni tí yóò bá yín sun ún, ó dára púpọ̀. Ẹ rántí pé inú ère amọ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ara rẹ̀ má nípọn ju ìka kan lọ, kí ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa lábẹ́ òjìji kí ó tó dé iná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fọ́ nínú iná. Ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá họ́sítẹ̀lì, bébà ni ó rọrùn jù.

Ohun èlò: ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí, ike omi kan, iyanrìn díẹ̀, sẹ́lótéèpù, sítáàṣì, wáyà tín-ínrín, ọ̀dà, àti sílípáàsì tí ó ti já.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ajá. Ẹ wo bí ó ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń ká ìrù, bí etí rẹ̀ kan ṣe ń dìde tí èkejì ń wólẹ̀. Ẹni tí kò wo ajá yóò ṣe ewúrẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ da iyanrìn díẹ̀ sínú ike omi kí ère má baà ṣubú. Ike yìí ni ara. Ẹ ká páálí fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fún ìwé ìròyìn pọ̀ bí bọ́ọ̀lù fún orí, ẹ fi wáyà ṣe ìrù, kí ẹ wá fi sẹ́lótéèpù dè wọ́n pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi omi tútù po sítáàṣì, kí ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kí ó má baà tètè bu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya ìwé ìròyìn sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ní ìwọ̀n ìka méjì. Yíya ni kí ẹ ya á, ẹ má fi sáásì gé e, nítorí etí bébà tí a ya máa ń lẹ̀ mọ́ra ju èyí tí a gé lọ. Ẹ rì í sínú sítáàṣì, kí ẹ fi bo gbogbo ara ajá náà. Bí ó bá gbẹ, ẹ tún bò ó. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ní àkókò ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Ní àkókò òjò, ẹ gbé e sábẹ́ fáànù, bí iná bá wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ojú ni ẹ̀rín ń gbé. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo láti sọ di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ: bóyá imú, bóyá etí, bóyá ìpéǹpéjú. Bí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di ńlá, kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀rù ni yóò máa bani. Ẹ gé etí àti ahọ́n láti ara sílípáàsì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún ní àkọ́kọ́, kí ẹ tó fi àwọ̀ ajá ìgboro wa kùn ún. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí páálí kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn bí ṣaworo. Lẹ́yìn páálí náà, ẹ kọ ohun tí owó rẹ̀ yóò ṣe.

5. Ibi tí owó gbọ́dọ̀ lọ

Ibí ni òpómúléró ọ̀rọ̀ wa wà. Ère tí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín tí owó rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ajá, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí owó náà kọ́kọ́ lọ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi, nítorí pé abẹ́rẹ́ yìí ń gba ajá là, ó sì ń gba ọmọ ènìyàn là.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn nínú iye tí ó tó 99 nínú 100. Itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó ń gbé e wọ ara. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀: bí a bá fún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ ní àdúgbò kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Pípa ajá ní ìpakúpa kò lè ṣe é, nítorí ajá mìíràn tí kò gba abẹ́rẹ́ ni yóò wá rọ́pò èyí tí a pa. Ẹ tún rántí àlọ́ wa: pípa kọ́ ni ojútùú.

A kò sì nílò láti wá abẹ́rẹ́ náà lọ sí òkè òkun. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ajá. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ó lè gbà á, a ó sì máa tún un fún un gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko bá ṣe là á kalẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́kù, a lè fi tẹ ajá lọ́dàá, kí ọmọ ajá tí kò ní ilé má baà máa pọ̀ sí i.

Nípa ètò owó: kí ènìyàn méjì máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ọ̀dà àti sítáàṣì, kí wọ́n san ìyókù fún ilé ìwòsàn ẹranko, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níbi tí gbogbo ẹni tí ó ra ère ti lè rí i. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́ lásán. Ẹ má sì fúnra yín lọ mú ajá tí ẹ kò mọ̀; iṣẹ́ ẹni tí ó ti gba abẹ́rẹ́ tí ó sì kọ́ ọ ni.

Bí ajá bá wá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kì í ṣe epo, kì í ṣe irun ajá ni kí a fi sí i. Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Nínú 100 ènìyàn tí ajá tí a fura sí ń bù jẹ, nǹkan bí 40 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Àwọn àbúrò wa nìyẹn.

Lọ́dọọdún ni gbogbo ayé ń ṣe ìrántí dìgbòlugi ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí Louis Pasteur, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe abẹ́rẹ́ àrùn náà fún ènìyàn ní 1885, kú ní 1895. Ọjọ́ yẹn dára púpọ̀ fún wa láti to ère sí iwájú gbọ̀ngàn, kí á sì pe àwọn ará Abùjá wá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì ná owó.

Ìdánrawò

(1) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ère tí ń fi ajá ṣẹ̀sín àti ère tí ń fi ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀? Fi àpẹẹrẹ tìrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

(2) Wá orúkọ òwe mẹ́ta tí a lè sọ ère ajá, kí o sì sọ ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń bá wí.

(3) Béèrè iye tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá kan jẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹranko tí ó sún mọ́ ọ. Ère mélòó ni o gbọ́dọ̀ tà kí ajá mẹ́wàá tó gbà á?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ yá. Ìwé ìròyìn àtijọ́ kò wọ́n, sílípáàsì tí ó já kò wọ́n, àwàdà kò sì wọ́n láàárín wa. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a pàdé ajá dìgbòlugi lọ́nà o.